Mo Ní Ilé-Ẹjọ́ Ti Kọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí, mi ò ní kẹ́ ẹ má bú mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Èébú tó bá wá kù lẹ́nu yín, ẹ kó o jáde. Mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aránṣọ ni mí, aṣọ ilé-ìwé ni mo máa ń rán jù. Oníṣẹ́ iná lọkọ mi. Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iná ilé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú, wọ́n á ti ní, "Ẹ bá mi pe Wáyà!" Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la bí. Bàbá ẹ̀ ló ń pè é ní Ṣúgà, orúkọ yẹn náà ló sì mọ́ ọn lára. Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa, Màmá la ń pè é.

Wáyà ló ń tọ́jú iná sítọ́ọ̀ ńlá kan tí wọ́n ń kó fóòmù ibùsùn sí. Ó rí i pé àwọn wáyà inú ògiri ibẹ̀ ti gbó, ó sọ fún ẹni tó ni ín pé káwọn pààrọ̀ wọn. Ọkùnrin náà ò gbà. Ni wọ́n bá jọ fa ọ̀rọ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Wáyà pariwo, ó ní, "Ilé yìí á jó lójú yín! Ẹ ó sì rántí mi!"

Kò pẹ́ sígbà yẹn nilé náà jó. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kú sínú ẹ̀.

Nígbà táwọn ọlọ́pàá mú ọkọ mi, ó ní òun fẹ́ rí lọ́yà. Wọ́n ní lọ́yà ń bọ̀. Lọ́yà ò dé, ìbéèrè ò dáwọ́ dúró. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń yí po lórí ẹ̀ títí orí ẹ̀ fi dàrú. Ló bá bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo fà á."

Ohun tó ń sọ ni pé ó yẹ kóun ti já iná ibẹ̀ pátá, kóun má fi wáyà gbígbó sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Gbólóhùn méjèèjì yẹn ni wọ́n kà níwájú adájọ́, òun náà ló sì tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ. A gbé e lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dá wa padà.

Ilé-ẹjọ́ kan ṣoṣo ló wá kù lókè.

Agbẹjọ́rò wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wá gíláàsì ojú ẹ̀ káàkiri tábìlì nígbà tí gíláàsì wà lórí ẹ̀, pe èmi àti Màmá jókòó ní ọ́fíìsì ẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ kì í gba gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n bá gbé wá. Àyè la máa kọ́kọ́ tọrọ. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ ló máa jókòó láàárín ara wọn, kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn á gbọ́ wa tàbí àwọn ò ní gbọ́ wa."

Màmá ní, "Ṣé wọ́n á kàn bèèrè pé ṣé ọmọ mi ló dáná sun ilé yẹn?"

"Rárá, Màmá. Wọn ò ní bèèrè ìyẹn rárá. Ohun tí wọ́n máa wò ni bóyá ìbéèrè kan wà nínú ẹjọ́ yìí tó kan gbogbo èèyàn, táwọn ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ò sì fẹnu kò lé lórí. Ẹni tó ní òun fẹ́ lọ́yà, tí wọn ò fún un, tó wá sọ̀rọ̀, ṣé ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn dá a lẹ́bi? Ilé-ẹjọ́ kan ní ó yẹ, òmíràn ní kò yẹ. Ibẹ̀ la ti máa kan ilẹ̀kùn."

"Tí wọn ò bá ṣí i ńkọ́?" Èmi ni mo bèèrè.

"Wọ́n á ní àwọn kọ̀. Wọn kì í sọ ìdí ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tó ń débẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ̀, mi ò ní tàn yín."

Màmá fi ọwọ́ lu itan ẹ̀. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

 Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti sin ẹjọ́ náà sínú ọkàn mi.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n jìnnà, ẹbí nìkan ni wọ́n sì ń jẹ́ kó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́yà ní kí n máa bá òun mú ìròyìn tọ ọkọ mi lọ, pé òun fúnra òun á wá bí nǹkan gidi bá ṣẹlẹ̀. Mo gbà. Ta ni ì bá rò ó pé ewu wà nínú ìyẹn?

Ayàwòrán kan wà tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí tèmi. Fọ́tò là ń pè é. Ìyàwó ẹ̀ ti kú. Nígbà tó rí i pé bọ́ọ̀sì máa ń já mi sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, tí mo sì máa ń fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ẹ̀ gbé mi lọ. Á dúró sínú ọkọ̀ títí n ó fi jáde. Kò sọ ìsọkúsọ sí mi rí. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ǹ bá ti lé e, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán.

Lọ́jọ́ kan tá à ń bọ̀, òjò dé, Fọ́tò ò ríran mọ́, ó dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ó ní, "Ìyá Ṣúgà, ìgbà wo lẹ rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn?"

Ìbéèrè yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu mi tí ẹkún fi gbà á. Ó fún mi ní áńkáṣíìfù ẹ̀, ó sì yíjú sójú fèrèsé kójú má bàa tì mí.

Ẹ̀yin obìnrin tọ́kọ yín wà láyé tẹ́ ẹ sì ń dá sùn, ẹ̀yin mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ ń wọlé. Ẹni tó máa bi ẹ́ bó o ṣe wà ló ń kọ́kọ́ wọlé.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, Fọ́tò ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ," ó ní. "Ẹ̀yin àti Ṣúgà. Ṣùgbọ́n mi ò ní jí ìyàwó oníyàwó. Ẹ lọ sọ fún un lójúkojú. Tó bá yọ̀ǹda yín, mo wà níbí. Tí kò bá yọ̀ǹda yín, á jẹ́ pé Ọlọ́run ò fẹ́."

Mo gbéra lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ilé: Ó ti rẹ̀ mí. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n máa lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yàrá tí wọ́n ti ń rí ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n ti fi ìṣó kan àga mọ́lẹ̀. Fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ afẹ́fẹ́ kankan. Ọkọ mi jáde wá, bọ́tìnnì àyà ẹwù ẹ̀ ti já, ó fi ọwọ́ pa á mọ́ torí ó mọ ojú tí mo máa ń fi wo aṣọ. Kó tó jókòó ló ti ń bèèrè.

"Ìyá Ṣúgà, ṣé wọ́n ti dáhùn?"

Ojú ẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé. Mo wá rí i pé tí mo bá ní wọn ò tíì dáhùn, á ní ká jọ dúró. Ọkùnrin tó ṣì ní ìrètí kì í tú ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu ò jáde. Òmíràn ló jáde.

"Wọ́n ti dáhùn," mo ní. "Wọ́n kọ̀ ọ́."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ méjèèjì.

"Wọ́n sọ ìdí ẹ̀?"

"Wọn kì í sọ ìdí ẹ̀."

Ẹ rí i, òótọ́ inú ọ̀rọ̀ lọ́yà ni mo fi gbé irọ́ tèmi ró.

 Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń bá ọmọ tó fẹ́ sùn sọ̀rọ̀. "Ó tó. Má jókòó tì mí mọ́. Tó o bá rí ẹni tó máa tọ́jú ìwọ àti Ṣúgà, lọ. Mi ò ní bínú. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ní bínú."

Ohun tí mo wá gbà nìyẹn. Ó gbé e fún mi kí n tó na ọwọ́.

Irọ́ kì í dá rìn. Mo délé, mo sọ ọ́ fún Màmá pé wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ó jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó gbé ìdérí ìkòkò sórí ẹsẹ̀, kò sì dìde títí oúnjẹ fi jóná. Mo sọ ọ́ fún Fọ́tò náà. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́," ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún lóòótọ́.

Nígbà tó yá, lọ́yà pè mí. Inú ẹ̀ ń dùn.

"Ìyá Ṣúgà! Àwọn adájọ́ ní kí agbẹjọ́rò ìjọba wá fèsì sí ohun tá a kọ. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún o. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀ ọ́ ni, wọn ì bá má yọ ara wọn lẹ́nu. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa jó, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un, kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀."

"N ó sọ fún un," mo ní.

Mi ò sọ fún un. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé mo purọ́? Mo ní kí wọ́n ṣáà kọ̀ ọ́ tán ná, irọ́ mi á di òótọ́, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Àní mo gbàdúrà pé kí wọ́n kọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ tì bẹ́ẹ̀dì mi, mo gbà á ládùúrà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń wọn ọrùn oníbàárà kan, ọkọ mi pè láti ọgbà ẹ̀wọ̀n.

"Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ," ó ní. "Ìgbìmọ̀ ìdáríjì ń bọ̀ wá síbí. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó wa ní wọ́n lè gé ọdún mi kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ àánú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé òun ṣe é. Mo máa ní láti ní èmi ni mo dáná sun ibẹ̀."

Téèpù ṣì wà lọ́rùn obìnrin yẹn. 

"Ṣé o wà níbẹ̀?" ó bi mí. "Ká ní ilé-ẹjọ́ ò tíì kọ̀ wá ni, mi ò ní fẹnu mi sọ ọ́ láé. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, Ṣúgà á ti di ìyá ọlọ́mọ kí n tó jáde. Kí lo rò?"

Ẹnu mi nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: dúró. Ǹ bá sọ ọ́.

"Ohun tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni kó o ṣe," mo ní.

Ó ní, "Ó ṣeun." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ tá a máa kó lọ, Fọ́tò gbé máṣíìnì ìránṣọ mi, ó ń gbé e lọ sínú ọkọ̀. Màmá jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Òun ti sọ tiẹ̀ lánàá: "Ọmọ mi ló ní kó o máa lọ. Mi ò ní dá ẹ dúró."

Ìgbà yẹn la gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lọ́yà ni. Ó di bàtà ẹ̀ kan mú lọ́wọ́, ìkejì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n gbà á! Màmá, wọ́n ti gbà á!"

Màmá yíjú padà. "Wọ́n gba kí ni?"

"Ẹjọ́ ọmọ yín! Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àwọn á gbọ́ ọ! Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa!"

"Ìwọ ọmọ yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," Màmá ní. "Ṣebí wọ́n ti kọ̀ ọ́ tipẹ́?"

"Ta ló kọ̀ ọ́? Ìgbà wo? Àárọ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn!"

Fọ́tò rọra gbé máṣíìnì sílẹ̀. Gbogbo wọn wá ń wò mí. Mo wá ibi tí mo fẹ́ gbójú sí, mi ò rí.

Lọ́yà sún mọ́ mi. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀. "Ìyá Ṣúgà, ta lẹ tún sọ fún pé wọ́n kọ̀ ọ́?"

"Wáyà."

"Ó sì ṣe kí ni?"

"Ó ti lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdáríjì. Ó ti gbà pé òun ló dáná sun ún."

Lọ́yà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, tòun ti bàtà kan lọ́wọ́. Kò bú mi. "Áà," ni gbogbo ohun tó sọ.

Màmá náà ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó bi mí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́: "Kí lọmọ mi ṣe fún ẹ?"

Mo wo Fọ́tò, bóyá á ṣàánú mi. Ó ní, "Èmi náà lo purọ́ fún?"

Láti ọjọ́ tá a ti mọra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ "o" sí mi. Ó gbé máṣíìnì mi padà sí àyè ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ẹ̀. Mi ò tún rí i mọ́.

Lọ́yà ti lọ ṣàlàyé fún ọkọ mi kí n tó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí wọ́n mú un jáde, kò jókòó.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ó ní. "Lọ́jọ́ tí mo pè ẹ́ lórí fóònù pé kó o gbà mí nímọ̀ràn, ṣé o ti mọ̀ pé ẹjọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn?"

Mo lè tún purọ́. Mo rò ó.

"Mo ti mọ̀."

Ó mi orí. Ó yíjú sí wọ́dà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká padà."

Mò ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá yọ̀ǹda ni mò ń lọ. Wọ́n á pè é, kò ní jáde. N ó jókòó sórí àga oníṣòó yẹn títí àkókò á fi pé, n ó sì máa bọ̀ nílé.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Àwọn adájọ́ jókòó lórí ìlà kan lókè, ilé náà ga débi pé téèyàn bá wúkọ́, ó máa ń dá a lóhùn. Lọ́yà wa sọ̀rọ̀, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Mo rí adájọ́ kan tó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo ti ń ní ìrètí.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. "Ẹ̀yin olúwa mi, kí la tún ń jà sí lórí ọ̀rọ̀ tó sọ ní tésàn ọlọ́pàá? Ọkùnrin yìí ti jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́. Òun ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Adájọ́ àgbà bi lọ́yà wa, "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, olúwa mi. Ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n pa fún un. Wọ́n sọ fún un pé ẹ ti kọ̀ ọ́."

"Ta ló pa irọ́ náà fún un?"

Lọ́yà ò fẹ́ sọ ọ́. Mo rí i lẹ́yìn ọrùn ẹ̀ pé kò fẹ́ sọ ọ́.

"Ìyàwó ẹ̀ ni, olúwa mi."

 Ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó yọ ọwọ́ ẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Nígbà táwọn adájọ́ máa dáhùn, wọ́n ní kò yẹ káwọn ti gba ẹjọ́ náà rárá. Ìbéèrè inú ẹ̀ ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti dàrú báyìí kọ́ ló yẹ káwọn fi dáhùn ún. Wọ́n pa ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí dé. Wọn ò dá ọkọ mi láre, wọn ò sì dá a lẹ́bi. Wọ́n kàn ní ká máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gba ẹjọ́ ẹlòmíràn, ìbéèrè kan náà ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì dáhùn ún. Wọ́n ní kò tọ́. Ẹni tó bá ti ní òun fẹ́ lọ́yà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbà lẹ́nu ẹ̀ kí lọ́yà tó dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi dá a lẹ́bi. Ọkùnrin yẹn gba ilé ẹ̀ lọ, láìjẹ̀bi. Lọ́yà ló pè mí sọ ọ́ fún mi. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ dá mi lóró, òun ò kàn fẹ́ kí n gbọ́ ọ lórí rédíò.

Àánú náà wá dé fún Wáyà. Wọ́n gé ọdún ẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, ó gbọ́dọ̀ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìdílé ẹni tó kú, níwájú òṣìṣẹ́ ọgbà àti ìdílé tiẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá ti wú nígbà náà, kò lè rìn mọ́. Èmi ni wọ́n pè, torí lójú òfin, èmi ṣì ni ìyàwó ẹ̀. Lọ́yà kìlọ̀ fún èmi àti Ṣúgà: "Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níbẹ̀ pé kì í ṣe òun ló ṣe é, wọ́n á gba àánú náà padà. Ẹ pa ẹnu yín mọ́."

Yàrá kékeré kan ni, tábìlì kan, ife omi kan lórí ẹ̀. Ìyàwó ọdẹ yẹn jókòó, ó ti darúgbó, ó gbé báàgì ẹ̀ sórí itan.

Ọkọ mi kúnlẹ̀. Irun ẹ̀ ti funfun. Ọkùnrin tó sọ fún gbogbo ayé pé iná máa jó, tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, ló kúnlẹ̀.

"Mà, èmi ni mo dáná sun ibẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo pa ọkọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ṣúgà fi eyín di ètè ẹ̀ ìsàlẹ̀ mú títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ níbẹ̀.

Obìnrin náà sunkún, ó sunkún pẹ́. Ó wá gbé ọwọ́ lé orí ọkọ mi. "Mo ti gbé e tipẹ́, ó wúwo," ó ní. "Mo dárí jì ọ́. Máa lọ sílé."

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó gba ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ọwọ́ ẹ̀ gbóná.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ìwọ náà kú ìrọ́jú. Wọ́n sọ fún mi pé o ò yẹ̀ níbí, pé gbogbo ìgbà lò ń wá. Ẹlòmíràn ì bá ti fi í sílẹ̀ lọ."

Ọkọ mi ṣì wà lórí eékún. Ó gbójú sókè, ó ń wò mí.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."